Kí Iná Tó Dé

Ọjọ́ Ẹtì ni. Oòrùn ń ha ojú pátákó ṣọ́ọ̀bù mi ní Baní,
iyanrìn etí òkun ń yọ́ wọlé lábẹ́ ilẹ̀kùn.
Mirelys gbé àwòrán kan lé mi lọ́wọ́,
ó gé e nínú ìwé ìròyìn, ó ká a sí mẹ́rin:
obìnrin kan tí irun rẹ̀ tẹ́jú bí omi inú àwo.
“Eneida, báyìí gan-an ni kó rí.
Lọ́la ni wọ́n máa ya fọ́tò àwa tó ń jáde ìwé.”

Mo ní kó jókòó.
Mo tú u. Mo fi ìka wá a láti iwájú dé ìpàkọ́.
Irun kì í purọ́ fún ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n.
Ó ní láti Kérésì, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti fi ìpara na òun,
nínà bí ẹni na olè.
Ó ní ọmọ yìí kì í di orí sùn,
ìrọ̀rí òwú ló ń mu epo òun lóru.
Lẹ́bàá etí, níbi tó yẹ kí ọmọ irun ti máa ṣeré,
awọ orí ń dán bí owó ẹyọ tuntun.

“Ta ló ṣe èyí?”
Ó dákẹ́. Nígbà tó yá: “Èmi ni. Nínú ilé ìdáná, pẹ̀lú dígí ìyá mi.”

Mi ò bá a wí.
Èmi náà, lọ́mọ ọdún mẹ́tàdínlógún, fi irin gbígbóná jó etí ara mi.
Wò ó níbí, ó tẹ̀ bí oṣù tuntun.
Ojú àpá, kò lè jọ ojú ara.

Mo bó píà méjì, mo fi ṣíbí tẹ̀ wọ́n,
mo da òróró àgbọn sí i, ẹyin kan, oyin díẹ̀.
“Ṣé a fẹ́ jẹ ẹ́ ni?”
“Irun rẹ ló fẹ́ jẹ ẹ́. Ebi ń pa á.”

Mo ń sọ̀rọ̀, pínnì kún ẹnu mi:
ṣóńṣó irun ni òòyà ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ìdí,
bí apẹja ṣe ń tú àwọ̀n tó lọ́.
Tó bá tutù, má fà á. Irun tútù, ẹlẹgẹ́ ni.
Àti ojú rẹ yìí, ó rí roboto bí ọsàn,
irun tó bá lẹ̀ mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ á tún fẹ̀ ẹ́ sí i.
Kó o sókè ló yẹ ọ́, kí ọrùn hàn,
nítorí ọrùn yẹn, Ọlọ́run kò kánjú nígbà tó ń mọ ọ́n.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó tún nàka sí àwòrán.
Ó dáa. Mo fọ̀ ọ́, mo ká a mọ́ rólà ńlá méjìlélógún,
mo tì í sábẹ́ díráyà.
Ìṣẹ́jú mẹ́fà. Iná lọ.

Gbogbo àdúgbò kígbe lẹ́ẹ̀kan náà.
Rédíò Don Librado lódìkejì gbé ọ̀rọ̀ mì láàárín gbólóhùn.
A mu kọfí. A sọ̀rọ̀ ọmọkùnrin kan tí n kò ní dárúkọ.
Aago mẹ́rin. Aago márùn-ún.
Rólà ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan bí èso tó pọ́n jù,
afẹ́fẹ́ òkun ń ṣe tirẹ̀:
irun náà ń ká, ó ń wú, ó ń rántí ara rẹ̀.

Ẹkún ti dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀.
Mo kó o lọ sókè, pínnì mẹ́rin péré.
Mo fi ọ̀já pupa tẹ́ẹ́rẹ́ bo ibi tó pá.
Dígí kan níwájú, ìkejì lẹ́yìn.

Ó yí ọrùn sọ́tùn-ún. Ó yí i sósì. Ó pẹ́.
“Ìyá ìyá mi nìyí,” ló wí,
mi ò sì mọ̀ bóyá ó dùn mọ́ ọn.

Ìdajì owó ló san, ó ní iná ò jẹ́ kí iṣẹ́ parí.
Mo gbà á. Mo ṣírò píà mi méjì.

Aago mẹ́jọ kọjá kí iná tó dé,
díráyà bẹ̀rẹ̀ sí í hó lórí àga òfìfo.
Mo gbá ilẹ̀. Irun tó já kò pọ̀.
Obìnrin inú ìwé ìròyìn wà lábẹ́ àga,
píà yí i lójú.