Ẹ̀yìn Àwòrán

Láti àfẹ̀mọ́júmọ́ ni yìnyín ti ń bọ́ ní Hakodate,
ó bo orí ọkọ̀ àwọn apẹja, ó bo àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀bù mi,
nígbà tí Bàbá Kuramochi wọlé.
Ó gbọn fìlà rẹ̀ nù,
ó fa àwòrán kan yọ láti inú àpò ìwé tí wọ́n fi di oògùn.

"Ìyàwó mi ni. Ọjọ́ Ẹtì la ó ṣe ìdágbére.
Èyí ni a ó gbé sáàárín òdòdó.
Òun nìkan ni kí o fi sílẹ̀.
Gbogbo pàǹtírí tó wà lẹ́yìn rẹ̀, pa á rẹ́."

Mo ní kò le. Iṣẹ́ mi ni.
Ọdún kọkànlélógún rèé tí mo ti ń tún òkú ṣe
láì fọwọ́ kan òkú:
mo ti gba ife ọtí lọ́wọ́ ọ̀mùtí,
mo ti wọ kóòtù fún ẹni tó fi síńgílẹ́ẹ̀tì lo ilé ayé,
mo ti gé àna kúrò léjìká àna.
Kọ̀ǹpútà mi kì í béèrè ìdí.

Mo fẹ àwòrán náà lójú.
Èbúté ni, oòrùn ọ̀sán. Obìnrin náà yíjú sápá òsì díẹ̀,
ẹnu rẹ̀ là gbàgà, eyín wúrà kan ń kọ mànà.
Lẹ́yìn rẹ̀, wáyà iná mẹ́ta,
garawa ìdọ̀tí,
apá ọkùnrin kan tí kò ní orí, tí kò ní ara,
àti ẹ̀rọ pupa kan tó ń ta tíì gbígbóná inú agolo.

Mo mú gègé mi tí kò ní yíǹkì.
Mo fà á gba orí wáyà; ojú ọ̀run pa dé
bí ẹni pé ẹnikẹ́ni ò là á rí.
Mo fà á yí garawa ká;
kọ̀ǹpútà bù díẹ̀ lára ògiri, ó fi lẹ ojú ihò.
Apá yẹn ló yọ mí lẹ́nu. Ìka rẹ̀ kan kọ̀ jálẹ̀,
ó dúró sójú omi bí èèkàn;
ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo pa á rẹ́ kó tó gbà.
Ẹ̀rọ pupa ló kẹ́yìn.
Òkun ṣàn wá, ó jókòó sí àyè rẹ̀.

Ó mọ́ tónítóní.
Mo ń wò ó, ara mi ò lélẹ̀.
Ẹ̀rọ parẹ́, ẹ̀rín ṣẹ́kù.
Obìnrin náà ń rẹ́rìn-ín, kò sí ohun tó ń rẹ́rìn-ín sí.

Nírọ̀lẹ́, bàbá padà wá.
Ó bọ́ awò ojú, ó nù ún, ó tún un wọ̀.
"Ó dára." Ó dákẹ́. "Ó dára."
Ó sanwó. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó di ilẹ̀kùn mú.
"Ẹ̀rọ yẹn gbé owó rẹ̀ mì lọ́jọ́ náà, ọgọ́rùn-ún yẹ́ẹ̀nì.
Ó bẹ̀ ẹ́. Ó bú u. Ó ta á nípàá.
Agolo mẹ́fà ló dà jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo!
Ìgbà yẹn ni mo tẹ kámẹ́rà."

Yìnyín ń wọlé, n kò ní kó ti ilẹ̀kùn.
Bọ́tìnì kan wà tó máa ń dá iṣẹ́ padà.
Mo tẹ̀ ẹ́: ẹ̀rọ pupa yọ láti inú òkun.
Mo tún tẹ̀ ẹ́: ìka, ọwọ́, apá.
"Fi ìyẹn náà sílẹ̀," ó ní,
"òun ló bá wa mu méjì nínú tíì náà.
A ò béèrè orúkọ rẹ̀."
Garawa ńkọ́?
"Háà. Garawa lè máa lọ."

Mo gbọ́ pé inú àbúrò olóògbé ò dùn lọ́jọ́ Ẹtì:
ta ló ń gbé ẹ̀rọ tíì sáàárín òdòdó funfun?
Mo tún gbọ́ pé àlùfáà Búdà ka àdúrà dé ìdajì,
ó gbójú sókè wo àwòrán náà,
ó sì fi ìwé àdúrà bo ẹnu.