Tòlótòló Lórí Ẹsẹ̀ Mi

Kérésì ku ọ̀la. Mo wọkọ̀ ní Ọ̀jọ́ọ̀,
aṣọ mi gún régérégé,
ni ọmọkùnrin kan bá gbé tòlótòló wọlé.
"Mọ́mì, ẹ sún díẹ̀. Kì í yọni lẹ́nu."
Irọ́.

Ká tó dé Fìdítì, ó ti gbé bọ́tìnì mi méjì mì.
Olówó rẹ̀ ń jẹ ẹ̀pà, ó ń da èèpo sí mi lẹ́sẹ̀.
Mo ní ẹ̀kọ́ ilé ti tán láyé.
Mo rojọ́ títí mo fi kan Àrìnpé, ọmọ àbúrò mi,
tó lóun fẹ́ fẹ́ ọ̀lẹ kan tá ò mọ̀ rí;
n ó lé e dé Odò Ọbà!
Ó mi orí. "Ó yẹ bẹ́ẹ̀, Mọ́mì."

Odò Ọbà gan-an ni mọ́tò kú sí.
A tì í,
èmi ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, gìgísẹ̀ bàtà mi kán.
Òun ló ru àpótí mi.
Èmi gbé ẹyẹ pọ̀n.

Òru la wọ Ògbómọ̀ṣọ́. Mo ní ó dàbọ̀.
Mo yà nídìí máńgòrò, ó yà.
Mo kanlẹ̀kùn.
Àrìnpé ṣí i, kò tilẹ̀ rí mi:
"Olólùfẹ́ mi, o ti dé!"

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún mi nínú èruku.
Mo ní kó dìde,
kó wá sọ ẹyẹ rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn mi.