Ìràwọ̀ Lórí Ìwé Èsì

Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń wa bọ́ọ̀sì ilé-ìwé Lípníìkì,
láàárín pápá Nebráskà, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́
tí kò rí igi tí yóò dá a dúró.
Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ọmọ mẹ́rìnlélógójì ni.
Mo máa ń pariwo mọ́ wọn títí ohùn mi yóò fi há.
Lónìí, mẹ́sàn-án.
N kò nílò àtibojúwẹ̀yìn kí n tó mọ̀ wọ́n:
ikọ́ Brecken nìyẹn,
ẹ̀rín Tessa Kubicek nìyẹn,
ìdákẹ́jẹ́ Yaretzi nìyẹn, tí bàbá rẹ̀ ń fún wàrà màálù olówó.
Ilé àwọn Dvorak ti ṣófo láti ìgbà òjò dídì méjì sẹ́yìn.
Bí mo bá débẹ̀, ọkọ̀ a dẹsẹ̀.
Ẹsẹ̀ mi ló ń tẹ búrékì, kì í ṣe èmi.

Èsì ìdánwò dé láti olú-ìlú.
Lọ́dún tó kọjá, ọmọ méjì ló wà ní kíláàsì kẹta;
ibà dá ọ̀kan dúbúlẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò,
ni ìwé ìròyìn bá kọ ọ́ pé ìdajì àwọn ọmọ wa kò mọ ìṣirò.
Lọ́dún yìí, ó ku ẹnì kan.
Wọn kò kọ iye kankan. Ìràwọ̀ kékeré ni wọ́n fi dípò rẹ̀,
àlàyé wà nísàlẹ̀, ó wẹ́ bí ẹyin eèrà:
Akẹ́kọ̀ọ́ kò tó kà.

Ẹ gbọ́ ná.
Ọmọ tó ń ka gbogbo òpó iná láti ilé wọn dé ilé-ìwé,
tó bá mi jà lọ́jọ́ kan pé ọ̀kan ti dín, tó sì jàre,
ọmọ tó ń kàwé,
òun ni wọ́n ní kò tó kà.

Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, ìgbìmọ̀ jókòó sórí àga ọmọ ọdún mẹ́fà,
eékún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n.
Wọ́n ní kí a dà wá pọ̀ mọ́ ìlú kejì, máìlì mẹ́rìndínlógójì.
Orval Hruska dìde: "Báǹkì ti lọ. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni ṣọ́ọ̀ṣì ń ṣí.
Bí ẹ bá ti ìlẹ̀kùn yìí, ẹ kúkú hú pátákó orúkọ ìlú dání."
Kò sẹ́ni tó fèsì. Fìríìjì nìkan ló ń kùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Yaretzi gun bọ́ọ̀sì,
ó na ìwé náà sí mi:
"Ẹ wò ó! Wọ́n fún mi ní ìràwọ̀."

Mo ní, "Mo rí i."
Mo yí kọ́kọ́rọ́.
Nígbà tí a dé iwájú ilé àwọn Dvorak, ẹsẹ̀ mi tún tẹ búrékì.