Sí Sójà Inú Ìwé Ọkọ Mi

Fìjàbí, mo kí ọ. A kò mọ ara wa.
Látẹ́jú ọkọ mi ló fi bírò bí ọ
nínú gáréèjì wa ní Watertown,
lórí àga oníke, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ,
nígbà tí yìnyín ga dé ojú fèrèsé
tí mo rò pé táyà ló lọ pààrọ̀.

Mo ti ka ìwé rẹ. Má bínú.
Iṣẹ́ alẹ́ ni mo ń ṣe nílé àwọn arúgbó.
Mo dé láàárọ̀, mo ń wá ọṣẹ,
mo bá ìwé mẹ́ta nínú ike ìrẹsì tó ṣófo,
lábẹ́ búùtù tó ní òun ti sọ nù.
Wọ́n ní ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀.
Tìrẹ yìí, dọ́là kan ààbọ̀, iye rẹ̀ ṣì lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn.
N kò lè bọ́ bàtà tí mo fi kà á tán.

Ó fún ọ ní gìgísẹ̀ rẹ̀ tó máa ń ro ó,
ó fún ọ ní àpá ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀,
àti oríkì tí ìyá rẹ̀ fi ń jí i.
Kò fún ọ ní ìyàwó.
Mo wá ara mi títí.
Obìnrin kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀
ń ké lẹ́bàá ọ̀nà, kò lórúkọ.

Ọkọ̀ kẹfà ni ìwọ ń wà, bíi tirẹ̀.
Òfin ni pé ọkọ̀ kò gbọdọ̀ dúró,
ohun yòówù kó já sọ́nà.
Nínú ìwé, ọmọdékùnrin kan já sọ́nà
lórí kẹ̀kẹ́ tí kò ní ìjókòó.
O tẹ bíréèkì. Eruku sọ. Ọmọ náà kọjá.
Látẹ́jú fi ìlà pa á rẹ́.
Ó tún un kọ: o tẹ bíréèkì, ọmọ náà kọjá.
Ìgbà mọ́kànlá ni mo kà.
Nígbà kan ó wọ bàtà, nígbà kan kò wọ̀,
nígbà kan ó juwọ́ sí ọ.
Lẹ́yìn ìyẹn, ewé funfun, ewé funfun.
Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Mo wá mọ ohun tó ń gbé e dìde
bí ọkọ̀ akóyìnyín bá ń ha títì láago mẹ́rin,
mo mọ ìdí tí kì í fi í gba iwájú ilé-ìwé Ìníolúwa,
tó fi máa ń yí gba etí odò.
Nílé-ìwòsàn àwọn tó ti jagun, wọ́n bi í ní ogún ìbéèrè,
kó fi nọ́ńbà dáhùn, òdo sí mẹ́rin.
Òdo ló kọ síbi gbogbo. Ó wálé, ó ní ara òun le.

Fìjàbí, ìwọ tí o kò ní kíndìnrín,
tí o kò jẹ gbèsè ilé, tí oorun kì í kùn,
jọ̀ọ́, bá a gbé e. Ẹrù kì í wọ bébà lọ́rùn.
Ṣùgbọ́n má ṣe bá a purọ́ mọ́.
Lálẹ́ ọjọ́ kan, jẹ́ kí ọkọ̀ náà má dúró.
Kí ó kọ ọ́.
Kí ó kọ orúkọ obìnrin yẹn. Bí kò bá mọ̀ ọ́n,
kí ó kọ pé òun kò mọ̀ ọ́n.

Lánàá mo gbé tíì lọ bá a.
Kò pa ìwé dé. Mo jókòó sórí ike iyọ̀
tí a fi ń yọ́ yìnyín ẹnu ọ̀nà.
"Àròsọ lásán ni," ló wí, n kò tíì bèèrè.
Mo ní, "Ka àròsọ náà fún mi."
Ó kà á dé ibi tí kẹ̀kẹ́ ti yọ.
Ohùn rẹ̀ tẹ bíréèkì.
Ẹ̀rọ ń yí ẹ̀wù Ìníolúwa po nínú omi.
Mo bá a di bírò mú, ìka lórí ìka.
A kò tíì kọ nǹkan kan.
Tíì ti tutù.