Ibi Tí Omi Gùn Dé

Ní Ṣáléńjì, lẹ́yìn ilé epo,
ó dúró láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ bí ìyàwó tí wọn ò tíì ṣí ìbòjú rẹ̀:
Lẹ́sọ́ọ̀sì aláwọ̀ eérú, tó lo ọdún mẹ́wàá lókè òkun,
awọ ni ìjókòó rẹ̀, awọ náà sì tutù
bí ẹ̀gbẹ́ àmù.

Fọlárìn tó ń tà á fi aṣọ funfun nu ohun tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.
"Màmá, ìyá arúgbó kan ló lò ó,
ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ló ń gbé e lọ."
Mo ní, ṣé arúgbó yẹn ò ní ọmọ-ọmọ ni?
Ó rẹ́rìn-ín. Kò dáhùn.

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi gbẹ̀bí l'Adéọ̀yọ́.
Mo ti gbé etí lé ikùn tó le bí agbè,
mo ti gbọ́ ọkàn ọmọ tó ń sáré bí eku inú àjà.
Nítorí náà, nígbà tí wọ́n ṣíná sí i,
mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé etí sún mọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì:
ó ń mí. Ó ń mí jẹ́jẹ́ bí ọmọ tó yó.
Owó alájẹṣẹ́kù ti wọ báńkì láàárọ̀ Ajé.
Mo ti rí ara mi tí mo ń gun òkè Mọ́kọ́lá,
gíláàsì ní títì, afẹ́fẹ́ tútù lọ́rùn mi,
èmi tí wọ́n ti ń fún mọ́ ẹ̀yìn Máíkírà láti ọjọ́ yìí
pẹ̀lú èrò mẹ́ta àti àpò gààrí kan.

Sàkáríyàù mẹkáníìkì mi ò tilẹ̀ wo ẹ́ńjìnnì.
Ó wọlé, ó jókòó, ó fa bẹ́líìtì ìjókòó,
ó fà á, ó fà á, títí ó fi tán nínú ògiri ọkọ̀,
bí ẹni ń fa ìwọ́.
Níbi tó parí sí, ìlà kan wà níbẹ̀,
ó pọ́n bí ẹrẹ̀, ó tọ́ bí ẹni fi rúlà fà á.
"Màmá, ẹ gbóòórùn rẹ̀."

Mo gbóòórùn rẹ̀.
Mo di ọmọ ọdún mẹ́jọ.

Ògùnpa wọlé wá bá wa lóru ọdún yẹn,
kò kan ilẹ̀kùn.
Bàbá mi gbé mi kọ́ èjìká: "Àwẹ̀ró, má wolẹ̀."
Mo wolẹ̀.
Pijó rẹ̀ ń lọ lójúde bí ọkọ̀ ojú omi,
iná rẹ̀ méjèèjì ṣì ń tàn.
Ọjọ́ kẹrin la rí i lẹ́bàá afárá, ó fi imú gún ẹrẹ̀.
Bàbá mi sá ìjókòó rẹ̀ sórí páànù bí ẹni sá èlùbọ́,
ó fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́, ó fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́,
ó sì wà á fún ọdún méje gbáko.
Bí òjò bá ti ṣú, ọkọ̀ náà a máa rùn bí odò.
Nígbà mìíràn, iná rẹ̀ a tàn fúnra rẹ̀ lóru;
bàbá mi a dìde, a lọ pa á,
kò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Lẹ́sọ́ọ̀sì, odò wo ló wọ tìrẹ?
Orúkọ wo ni wọ́n ń pe omi náà níbẹ̀?
Ta ló wà léjìká ta, tí wọ́n ní kó má wolẹ̀?

Fọlárìn ní omi ìfọkọ̀ lásán ni.
Sàkáríyàù jọ̀wọ́ bẹ́líìtì náà,
ó sáré padà sínú ihò rẹ̀ bí ejò.
Mo dúpẹ́. Mo ní mo ń bọ̀.
Fọlárìn mọ irú "mo ń bọ̀" tó jẹ́.

Mo wọ Máíkírà lórítá.
Ìgbúnwọ́ ẹnìkan wà ní ìhà mi títí dé Bẹẹrẹ.
Òjò ń ṣú bọ̀ láti apá Ẹlẹ́yẹlé.

Aago mẹ́wàá alẹ́ ti lù kí n tó pe Sàkáríyàù.
Mo bi í léèrè ìyàwó. Mo bi í léèrè ọmọ.
Ó dá mi lóhùn tán, ó dákẹ́, ó ń dúró dè mí.
Mo ní, "Sàká,
tó bá jẹ́ pé ìdajì owó yẹn ló máa gbà ńkọ́?
Awọ ìjókòó yẹn mà tutù o."