Síkúrù Mẹ́rin

"Jẹ́ kó gbóná ná, Corliss.
Ẹni tó bá bi ẹ́ńjìnnì tútù léèrè, irọ́ ni yóò gbọ́."
Bàbá mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà gáréèjì lórí korobá tó dojú délẹ̀,
orúkọ rẹ̀, Verlin, ti ń tú láyà aṣọ iṣẹ́ rẹ̀.
Ó fi àgbá afẹ́fẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ nínú ilé,
torí afẹ́fẹ́ inú àgbá àti bẹntiróòlù kì í bára wọn ṣeré.
Ogún ìṣẹ́jú ni màmá fún un.
Ó ń wò wá lójú fèrèsé, aago lọ́wọ́.

Galveston ni mọ́tò yìí ti wá, létí òkun,
níbi tí atẹ́gùn ti ki bí ògì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dì.
Ìwọ̀n ibẹ̀ ni Guidry tó tà á fún wa fi sí kabúrétọ̀ rẹ̀.
Ó wá gun òkè dé Leadville,
ó lé ní ẹgbàárùn-ún ẹsẹ̀ bàtà sókè òkun.
Epo kò dín, atẹ́gùn ló dín:
ó ń húkọ́ bí ọmọ tí wọ́n ń rọ lágbo tí wọn ò jẹ́ kó mí.
Èéfín dúdú lẹ́nu sàlẹ́ńsà. Ojú ń ta mí.
Epo ló ń ta mí lójú, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Síkúrù mẹ́rin: méjì níwájú, méjì lẹ́yìn.
Lálẹ́ àná, nígbà tí irin ṣì tutù,
mo ti wé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọlé títí ó fi kan ìdí,
pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, torí ẹnu wọn ṣe ṣónṣó bí abẹ́rẹ́;
ẹni tó bá fagídí wé e, ó ti dápàá síbi tí ọwọ́ kò tó.
Lẹ́yìn náà ni mo yí wọn padà síta, ìyí kan àbọ̀.

Báyìí ó ti gbóná. Mo fi rọ́bà gégì bọ abẹ́ kabúrétọ̀,
gégì tó ń wọn bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń fa èémí sínú.
Abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń gbọ̀n lórí méje.
Bàbá kò wo gégì. Ó dijú.
Ọ̀rọ̀ ti wọ́n lẹ́nu rẹ̀, ìka ló fi ń sọ̀rọ̀:
ìka sílẹ̀, mo wé e wọlé, ìdá mẹ́rin ìyí;
ìka dúró, mo dúró.
Síkúrù kìíní: méje àbọ̀.
Ìkejì: mẹ́jọ, ó fẹ́ẹ́ kọsẹ̀, ìka gòkè, mo dá a padà díẹ̀.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi gbọ́ ohùn òkúta nínú ihò kùsà lábẹ́ òkè yìí,
ó máa ń mọ èyí tó fẹ́ já lulẹ̀ kó tó já.
Eruku ibẹ̀ ló gbé wálé láyà.

Ìkẹta kò dáhùn.
Mo wé e wọlé, mo wé e jáde, bí ẹni ń bá ògiri sọ̀rọ̀.
"Ihò rẹ̀ ti dí. Pa á. Fẹ́ ẹ."

Láyé ijọ́un, òun ló máa ń fẹ́ ẹ,
èémí kan ṣoṣo, ìdọ̀tí á ta jáde bí ọta.
Mo tú síkúrù, mo ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ihò,
irú rọ́bà tó máa ń wà nímú rẹ̀,
mo fi ẹnu mi fẹ́ ẹ. Epo korò dé ọ̀fun.
Mo gbójú sókè: èjìká rẹ̀ ti gòkè, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti wú,
ó ń bá mi fẹ́ ẹ láti ibi tó jókòó.
"Tún un fẹ́."
Nǹkan kan já.

Mo tún tan án. Ìkẹta. Ìkẹrin. Mẹ́sàn-án,
abẹ́rẹ́ sì dúró bí ẹyẹ tó bà.
Ohùn ẹ́ńjìnnì sọ̀ kalẹ̀, ó nípọn, èéfín ti mọ́.
Màmá kan gíláàsì fèrèsé. Bàbá nawọ́ sí i: ó ku díẹ̀.
Ètè rẹ̀ ti rí bí aró.
"Fún un ní epo díẹ̀ sí i, gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin,
bíńtín. Òwúrọ̀ ọ̀la á tutù."