Gàárì Tó Kù

Ẹ má bi mí léèrè ọdún; mi ò mọ ọdún.
Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọdún tí eéṣú jẹ ọkà bàbà
ni Bíò Wòrú, bàbá ìyá mi, wọ Ṣábẹ̀ẹ́
pẹ̀lú ẹṣin méjì àti ẹsẹ̀ kan tó ń tiro.
Ìhà Nìkì ló ti wá. Ó ní òun ò ní í pẹ́ padà.
Ó pẹ́. Ibojì rẹ̀ ń bẹ lẹ́yìn ilé wa, lábẹ́ igi ìyeyè.

Nígbà náà, kò sí pápá, kò sí ìlà ẹfun.
Láti abẹ́ àpáta ńlá dé etí Ọ̀párà ni wọ́n ń sá a;
ẹni tí ẹṣin rẹ̀ bá kọ́kọ́ tẹnu bomi ló jẹ.
Ẹ̀bùn kò ju àpò ọkà kan lọ,
àti orúkọ tí àwọn obìnrin yóò máa pè ọ́ lódò
títí òjò yóò fi dé.
Wọ́n ní ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré.
Irọ́ ni. Ní Ṣábẹ̀ẹ́, eruku ni tẹ̀yìn ń wò,
ó sì ń jẹ ẹ́.

Lẹ́yìn náà ni irin dé.
Àwọn ọkùnrin ìlú ló fi orí rù ú,
ó gba àárín ọ̀nà eré kọjá bí ilà lójú ọmọ tuntun.
Ọjọ́ tí ọkọ̀ kọ́kọ́ fọn fèrè,
Ẹjọ́-ò-tán, akọ ẹṣin Bíò Wòrú, já okùn,
ó ba oko iṣu Ọ̀jẹ̀lábí jẹ́, ó lọ.
Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi wá a.
Wọ́n bá a lójú kan, ó ń wo ìhà àríwá.

Kòmáǹdà fẹ́ràn eré, ẹ má sọ pé mo purọ́ mọ́ ọn.
Ó ní kí a tẹ́ pápá lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin,
kí a sì máa sá a lóṣù keje, nígbà tí ẹrẹ̀ ti dé orúnkún,
torí ọjọ́ ọdún ìlú tirẹ̀ nìyẹn.
Kò bi ẹṣin.
Ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún san fàráǹkì márùn-ún fún ẹni tó ṣe ìkíní,
ó ń fi tòsì gba owó orí lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó sọ̀ kalẹ̀.

Ìyá mi, Bàkẹ́, gùn ún lẹ́ẹ̀kan,
ọmọ ọdún mọ́kànlá, wọ́n fi fìlà bo irun rẹ̀,
torí ibà ti dá Ṣàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dùbúlẹ̀.
Ó ní òun ò rántí ariwo, òun ò rántí ìlà.
Etí ẹṣin méjèèjì ló rántí, bí wọ́n ṣe tẹ̀ sẹ́yìn,
àti òórùn òógùn bíi búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ààrò.
Ó ṣe ìkejì.
Nígbà tó ṣí fìlà, wọ́n gba ìkejì náà padà.
Bíò Wòrú bu omi fẹ́ṣin kó tó bu fọ́mọ,
ó ní: "Ẹṣin kò mọ̀ pé obìnrin ni. Ìyẹn tó mi."

Kò sẹ́ni tó lè sọ èyí tó jẹ́ eré ìkẹyìn.
Eṣinṣin pa díẹ̀. Òwú gba pápá.
Mọ́tò kó àwọn ọmọ tí ì bá máa gé koríko.
Wọ́n ta ọmọ-ọmọ Ẹjọ́-ò-tán fún oníṣòwò kan láti Paraku,
a ò sì jẹ ẹran lóṣù yẹn,
kí a má baà jẹ ẹni tí a mọ̀.

Irin náà ti dógùn-ún; ewúrẹ́ ń sùn láàárín rẹ̀.
Àwọn ọmọ sẹ́mìjáàn ń fi ìrọ̀lẹ́ sáré lọ sódò,
wọn ò bi ara wọn pé kí ló dé
tí ọ̀nà yìí nìkan fi lọ tààrà, tí kò yà sílé ẹnikẹ́ni.

Gàárì ló kù. Ó wà ní ilé ìdáná mi.
Adìẹ kan ti sọ ọ́ di ìtẹ́, mi ò lé e.
Láàárọ̀, tí mo bá tọwọ́ bọ̀ ọ́ wá ẹyin,
awọ rẹ̀ ṣì máa ń gbóná.